Iṣẹ́ Tí A Rán Aṣòfin

Ìlú olókè ni Ìdàáṣà. Òkè mọ́kànlélógójì ni àwọn ènìyàn ń kà mọ́ ọn lórúkọ, ohùn tí a bá sì gbé sókè ní ìsàlẹ̀ lákòókò ọyẹ́ a máa rìn jìnnà. Láti ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2022 títí di ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2023, ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó gba àárín àwọn òkè wọ̀nyí kan. Ìpolongo ìbò aṣòfin ni. Orin ń dún, ọkọ̀ ń kọjá, aṣọ ẹgbẹ́ ń tàn lára ọ̀dọ́ àti àgbà.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé náà, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú, olùdíje kan dìde. Ó kí àwọn àgbà, ó kí àwọn ìyá ọlọ́jà, ó ní ọmọ wọn ni òun. Ó ní bí òun bá fi lè dé Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́, kànga ẹlẹ́rọ yóò wà ní abúlé náà kí ọdún tó yí po. Òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjì ká lọ yóò padà sípò rẹ̀. Gbogbo ọ̀dọ́ yóò sì ríṣẹ́ ṣe. Ìlù sọ, a jó, a pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni bàbá àgbẹ̀ kan nawọ́ sókè. Ó ní: “Ọmọ wa, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń lọ ṣe òfin, kí ni o máa sọ nípa kajú wa? A gbọ́ pé a kò ní lè tà á mọ́ fún àwọn tí ń kó o lọ sí ìlú òkèèrè láìbó.” Olùdíje náà rẹ́rìn-ín, ó dáhùn pé: “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò dára.” Onílù tún lu ìlù, ijó bẹ̀rẹ̀, bàbá jókòó.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀. Olùkọ́ ni wá. Ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìpàdé náà ni a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ohun tí iṣẹ́ aṣòfin jẹ́. A mọ̀ pé gbígbẹ́ kànga kò sí lára rẹ̀. A mọ̀, síbẹ̀ àwa náà pàtẹ́wọ́ fún kànga, a sì dákẹ́ nígbà tí kajú di ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń da ọkàn wa láàmú, òun ni a sì fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: nígbà tí olùdíje bá ṣèlérí ohun tí ipò tí ó ń wá kò fún un lágbára láti ṣe, ṣé òun nìkan ni ó purọ́, àbí àwa tí a gba ìlérí náà ní ìpín tiwa nínú irọ́ ọ̀hún?

Ohun tí òfin fi lé e lọ́wọ́

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí a rán an. Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, ti ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1990, sọ ọ́ ní abala 79 pé Ilé Aṣòfin ni ó ń ṣe òfin, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ iṣẹ́ Ìjọba. Abala 113 ka ohun èlò ìṣọ́ náà: aṣòfin lè kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí Ìjọba, ó lè fi ẹnu bèèrè, Ilé Aṣòfin lè pe Ìjọba wá ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n sì lè yan ìgbìmọ̀ ìwádìí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dìbò lórí òfin ìnáwó, níbi tí a ti ń mọ iye tí omi, ọ̀nà, ìlera àti ẹ̀kọ́ yóò jẹ nínú owó orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n abala 107 fi ààlà sí i: aṣòfin kò gbọdọ̀ mú àbá tí yóò dín owó tí ń wọlé kù tàbí tí yóò fi kún ìnáwó wá, àfi bí ó bá tọ́ka sí ibi tí a ó ti rí owó mìíràn tí ó bá a dọ́gba.

Kànga àti òrùlé ńkọ́? Òfin ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1999 lórí àwọn commune fi kíkọ́ àti títún ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe sí abẹ́ commune, ó sì fi ọ̀rọ̀ omi mímu kún un. Láti ìgbà tí a ti dìbò àkọ́kọ́ fún àwọn ìgbìmọ̀ commune, ní ìparí ọdún 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003, maire àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè òrùlé. Nítorí náà, olùdíje aṣòfin tí ó ṣèlérí kànga dà bí ẹni tí ó fi oko ẹlòmíràn ṣe ẹ̀yáwó. Ó lè jẹ́ pé olóko yóò gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀bùn, ìlérí àti ìdúró

Nǹkan mẹ́ta ni olùdíje lè gbé wá bá wa. Ẹ̀kíní ni ẹ̀bùn: aṣọ, iyọ̀, owó tí a ká sínú àtẹ́lẹwọ́. Òfin ìbò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kò tíì tán nílẹ̀. Ẹ̀kejì ni ìlérí: ohun tí yóò ṣe lọ́la. Ẹ̀kẹta ni ohun tí a fẹ́ pè ní ìdúró, èyíinì ni ibi tí ẹnì kan dúró sí lórí ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo ìlú: òfin tí yóò tì lẹ́yìn, èyí tí yóò kọ̀, ohun tí yóò bi Ìjọba, àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀bùn a máa tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlérí a máa gbé ẹ̀bi fún ọ̀la: ọ̀nà kò dára, owó kò jáde, àwọn ọ̀tá kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdúró kò ní ibi ìsápamọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá nawọ́ sókè ní Àjàṣẹ́ ni a ó mọ̀ bóyá ó dúró níbi tí ó ní òun yóò dúró sí.

Àwọn kan yóò sọ pé a ti ń mú ọ̀rọ̀ le jù. Wọ́n ní orin ìpolongo kì í ṣe ìbúra. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé àsọdùn wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tí a tàn jẹ, kò sí irọ́. Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀. Ìyá tí ń rìn jìnnà lọ pọn omi lójoojúmọ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga bí ẹni ń gbọ́ orin. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ̀, ibi tí ó burú sí gan-an nìyẹn. Ọmọdé tí ó rí àwọn àgbà tí ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí wọ́n mọ̀ pé kò ní ṣẹ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé wa: pé ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba kò wúwo tó ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ilé. Ilé ni a ó máa kọ́ ọ ní òtítọ́, ìta gbangba ni yóò ti máa rí i pé òtítọ́ kò pọn dandan.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé aṣòfin tí ó súnmọ́ àwọn alágbára lè bẹ̀bẹ̀, kí kànga sì dé. Òótọ́ ni, a ti rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kànga tí ó ti ọ̀nà ojúrere dé fi abúlé tí kò ní ọmọ ńlá sílẹ̀ nínú òǹgbẹ. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ fún gbogbo ènìyàn ti di ọrẹ fún àwọn kan, ẹni tí a bá sì ta lọ́rẹ ni yóò máa dúpẹ́ títí. Kò ní lè bèèrè. Bóyá ìdí tí bàbá àgbẹ̀ yẹn fi kọ́kọ́ sọ pé “o ṣeun” kí ó tó bèèrè nìyẹn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ohunkóhun fún un.

Òtítọ́ dé ọjà

Àwọn baba wa ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹnì kan ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwọ̀n ní ilẹ̀ wa. Ọmọ Benin ni Léonard Wantchekon, onímọ̀ òṣèlú àti ọrọ̀ ajé tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà. Nígbà ìbò ààrẹ ọdún 2001, ó bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà láti pín àwọn abúlé kan sọ́tọ̀. Ní apá kan, ètò tí ó kan gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan ni aṣojú olùdíje sọ. Ní apá kejì, ohun tí yóò kan àdúgbò náà nìkan ni wọ́n ṣèlérí. Nígbà tí ó tẹ èsì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà World Politics ní ọdún 2003, ó hàn pé ìlérí fún àdúgbò ni ó mú ìbò wá jù, pàápàá fún ẹni tí ó ti wà lórí àlééfà àti fún olùdíje tí ó jẹ́ ti agbègbè kan. Ṣùgbọ́n ó tún hàn pé àwọn obìnrin fetí sí ọ̀rọ̀ ètò gbogbo ìlú ju àwọn ọkùnrin lọ.

Ó rọrùn láti fi èsì yìí bú àwọn ará abúlé. A kò gbà pẹ̀lú ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè láti ìgbà Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Èrèlè ọdún 1990, tí omi kò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀ bí ó bá gba ohun tí ó wà lọ́wọ́. Ó ti ṣírò rẹ̀. Nínú ìṣirò rẹ̀, ìdúró kò ní iye, nítorí pé kò sí ẹni tí ó padà wá sọ fún un bí wọ́n ṣe dìbò ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀bi ẹni tí ó gba aṣọ nítorí àìní kò tó ẹ̀bi ẹni tí ó fún un nítorí ìbò. Bẹ́ẹ̀ ni kò tó ẹ̀bi ẹni tí ó kàwé, tí ó mọ iṣẹ́ aṣòfin, tí ó sì pàtẹ́wọ́. Ìpín tiwa nìyẹn, a kò sì lè gbé e ru ẹlòmíràn.

Ìrètí náà wà. Lórí ìbò ààrẹ ọdún 2006, Wantchekon àti Thomas Fujiwara ṣe ìdánwò mìíràn tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Ní àwọn abúlé tí wọ́n yàn, ìpàdé àjùmọ̀sọ ni wọ́n fi rọ́pò ayẹyẹ: àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n gbọ́ ètò olùdíje, wọ́n sì sọ èrò tiwọn. Ní àwọn ibẹ̀, ìṣèlú ẹ̀bùn dínkù, olùdíje tí ó ti rò pé abúlé náà jẹ́ tirẹ̀ sì pàdánù díẹ̀ nínú ìbò rẹ̀. Èyí fi hàn pé àwọn olùdìbò tí a sọ pé ẹ̀bùn nìkan ni wọ́n mọ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ètò, bí a bá fún ọ̀rọ̀ náà ní ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ kajú

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè bàbá, nítorí ìbéèrè aṣòfin gidi ni. Kajú jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń mú owó wọlé fún àwọn àgbẹ̀ ní Collines. Ní ọdún 2022 ni Ìjọba pinnu pé láti ọjọ́ 1 oṣù Igbe ọdún 2024, a kò gbọdọ̀ kó kajú tí a kò tíì bó jáde kúrò ní Benin mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe ìdí yẹpẹrẹ: bí a bá ń bó kajú nílé, ní àwọn ilé-iṣẹ́ bí àwọn tí ó wà ní Glo-Djigbé, iṣẹ́ yóò wà fún àwọn ọmọ wa, èrè tí ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè yóò sì dúró nílé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù bàbá náà kì í ṣe ìbẹ̀rù yẹpẹrẹ: nígbà tí oníbàárà bá dínkù, ẹni tí ó ṣẹ́kù ni yóò máa pe iye tí ó wù ú, àgbẹ̀ kò sì lè fi hóró kajú pamọ́ títí láé kí owó lè gòkè.

Kí ni ó yẹ kí olùdíje sọ? Ó lè sọ pé: “Mo tì í lẹ́yìn, ìdí mi nìyí.” Ó lè sọ pé: “N kò fọwọ́ sí i, n ó sì bi Ìjọba léèrè.” Ó lè sọ pé: “Mo gbà, ṣùgbọ́n n ó béèrè iye tí owó àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù.” Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni “gbogbo rẹ̀ ni yóò dára”.

Níbí ni ìṣòro tí ó jinlẹ̀ jù wà. Abala 80 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé aṣojú gbogbo orílẹ̀-èdè ni aṣòfin kọ̀ọ̀kan jẹ́, ó sì fagi lé ohun tí èdè Faransé ń pè ní mandat impératif, ìyẹn iṣẹ́ tí a fi okùn dè mọ́ aṣòfin lọ́rùn tí kò fi ní lè fi ọpọlọ tirẹ̀ ṣe é. A yàn án ní agbègbè ìdìbò kẹsàn-án, tí ó kó Bàǹtẹ̀, Ìdàáṣà àti Ṣàbàlú pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa nìkan. Bí ohun tí ó ṣe Benin láǹfààní bá pa àgbẹ̀ Ìdàáṣà lára, ta ni kí ó gbọ́ tirẹ̀?

Ìbéèrè yìí ti wà láyé tipẹ́. Ní ọdún 1774, Edmund Burke sọ fún àwọn tí ó yàn án ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé òun jẹ wọ́n ní làákàyè òun, kì í ṣe aápọn òun nìkan. Lẹ́yìn náà, ó ti òwò Ireland lẹ́yìn, ohun tí àwọn oníṣòwò Bristol rí bí ìpalára sí tiwọn. Nígbà tí ìbò dé ní 1780, ìjókòó Bristol bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. A lè sọ pé ó ṣe tiwọn, tàbí pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọn kò mọ ibi tí ó dúró sí.

Kò pọn dandan kí a lọ sí Bristol kí a tó rí ìmọ̀ràn. Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú a máa gbé ọ̀rọ̀ lọ bí a ṣe dì í. Ọmọ a máa wo ojú ẹni tí a rán an sí, a máa ro ire ilé, a sì máa tún iṣẹ́ náà ṣe kí ó lè yọrí sí rere. Olùdíje tí ó ní ọmọ wa ni òun, bí a ṣe yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a rán níṣẹ́ a máa padà wá sílé wá jábọ̀. Òmìnira tí abala 80 fún aṣòfin kì í ṣe òmìnira láti dákẹ́. Bí ó bá dìbò lòdì sí ohun tí a fẹ́, kí ó wá jókòó, kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa ní ojú wa. Ìdúró tí a sọ ṣáájú ìbò, àti àlàyé tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀: àwọn méjì yìí ni okùn tí ọmọlúàbí fi ń de ara rẹ̀, níbi tí òfin kò ti dè é.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Àwọn baba wa tún ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Ní ìbò ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, ìjókòó 109 ni wọ́n dìbò fún, 24 nínú rẹ̀ wà fún àwọn obìnrin. Àmì ẹgbẹ́ ni a sì tẹ̀ka fún, kì í ṣe ojú ẹnì kan. Nítorí náà, nígbà tí olùdíje bá sọ pé “èmi”, ó yẹ kí a bi í pé: “Ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ bá ní kí ẹ kọ̀, kí ni ẹ ó ṣe?” Nínú olùdìbò 100, bí i 38 ni ó jáde lọ dìbò lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí ẹgbẹ́ méjì péré wà lórí ìwé ìdìbò, bí i 27 ni. Ẹni tí ó jókòó sílé lè ní ìdí tirẹ̀, a kò sì ní fi ẹnu tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó wà lára wọn ẹni tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ rí, tí wọ́n fi ìlù dá lóhùn.

Iṣẹ́ kan wà tí ó bá ẹgbẹ́ bí irú tiwa mu. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ètò àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Èdè wa ni wọ́n fi ń kọrin ìpolongo. Ohun tí ó ṣe kókó wà nínú èdè tí ọ̀pọ̀ kò kà, ìdùnnú ni ó sì ṣẹ́kù fún èdè ìyá wa. Bí a bá jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí, a ó ti gbà pé èdè Yorùbá tó jó, ṣùgbọ́n kò tó ronú nípa òfin. Àwa tí a ń tẹ ìwé yìí ní èdè méjì kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ètò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n túmọ̀ ojú ewé rẹ̀ kan péré sí èdè tí àwọn òbí wọn ń sọ. Kí wọ́n kà á ní agbo ilé kí ọjọ́ ìbò tó dé. Lẹ́yìn ìbò, kí wọ́n wádìí bí àwọn aṣòfin agbègbè wa ṣe dìbò, kí wọ́n sì kà á pẹ̀lú. Kò gba owó púpọ̀, kò sì lòdì sí ẹgbẹ́ kankan.

Ní ti ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, èrò wa nìyí: olùdíje tí ó ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ kì í dàgbà níbi tí a kò ti bomi rin ín. A bomi rin ín. Bí ìpolongo mìíràn bá dé, tí àgbẹ̀ kan sì tún nawọ́ sókè láti bèèrè ọ̀rọ̀ kajú, ojúṣe wa ni láti bẹ onílù pé kí ó dáwọ́ dúró díẹ̀, kí a lè gbọ́ ìdáhùn.